Ẹ Gún Ìka Rẹ̀ Ná

Ìrun Àsárì ti kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Bàbá Alájì wọlé. Oṣù ààwẹ̀ ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e, ọ̀kan di orí mú, méjì di ẹsẹ̀ mú, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń sáré tẹ̀lé wọn pẹ̀lú bàtà Bàbá lọ́wọ́. "Rọpárọsẹ̀ ni o, Nọ́ọ̀sì! Ẹ dákun, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò gbéra mọ́!" Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lójú. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá rọ̀ jọwọrọ, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí apá kan. Òógùn ti mú kí jalabíà rẹ̀ rin gbindin, ara rẹ̀ sì tutù. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ń kọ̀wé kí wọ́n lọ ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, àgbà nínú àwọn ọmọ náà sì ti wà lórí fóònù, ó ń wá owó.

Mo gún ìka Bàbá. Ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kà 28.

Mo ké sí Dókítà, mo fi hàn án. A wá iṣan ńlá kan ní ìgbọ̀nwọ́, mo ki kánúlà bọ̀ ọ́, mo fi omi iyọ̀ díẹ̀ dán an wò kí n rí i pé kò tú sínú ẹran, nítorí dextrose 50%, ìyẹn omi ṣúgà tó ki, tó bá tú sínú ẹran lè jó ọwọ́ èèyàn títí awọ á fi kú. Lẹ́yìn náà la fa 50 ml sí i, díẹ̀díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá la ojú, ó wo òkè àjà, ó ní, "Ṣé wọ́n ti pe ìrun Màgàríbì?" Ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n ní ó ti kú yẹn ló fi nu ojú rẹ̀.

Mo ti pé ọdún 14 lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì, Ìbàdàn ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Màmá tó kọ́ mi níṣẹ́, mátírọ́ọ̀nù tó ti fẹ̀yìntì báyìí, kì í pariwo. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn wọlé tí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnì kan ní ibà ló wọ ọpọlọ rẹ̀, tí ẹlòmíì ní ó mutí yó, Màmá á dúró lẹ́yìn wa, á ní, "Ẹ gún ìka rẹ̀ ná." Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò ni. Ó tó ọdún kan kí n tó rí ohun tí wọ́n ń rí: àwọn àìsàn tó ń wá láti ara họ́móònù, àwọn èròjà tí ara fi ń darí iṣẹ́ rẹ̀, kì í wọlé lórúkọ ara wọn. Orúkọ àìsàn mìíràn ni wọ́n máa ń yá lò. Ẹni tó bá sì gba orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ dá, ìtọ́jú ẹlòmíì ló máa fún aláìsàn tirẹ̀.

Ọpọlọ èèyàn ò ní àká tó ń kó ṣúgà pamọ́ sí. Èyí tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò náà ló ń jẹ. Bí ṣúgà bá ti lọ sísàlẹ̀ 70, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á máa bọ̀, àyà á máa já. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ 54, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ti wà nínú ewu. Èèyàn lè máa sọ ìsọkúsọ, ó lè máa jà, gìrì lè mú un, apá kan ara rẹ̀ lè rọ. Mo ti rí ọkùnrin kan tí àwọn ará àdúgbò dè lókùn pé ó ya wèrè, 37 ni ṣúgà rẹ̀. Mo ti rí awakọ̀ kan tí wọ́n ní ó mutí, tí kò sì tọ́ ọtí wò rí láyé rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá dákú, ẹ má da oyin, ẹ má da mínírà, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ẹni tó ṣì mọ ara rẹ̀, tó lè gbé e mì, la lè fún ní ṣúgà oníkóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin tàbí mínírà tó ní ṣúgà, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí a tún gún ìka. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Alájì ò parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúpẹ́, wọ́n sunkún ayọ̀, wọ́n sì ní kí a máa fún àwọn ní bàbá àwọn kí wọ́n lọ ṣínu nílé. Mo ní rárá. Mo béèrè oògùn tí Bàbá ń lò, wọ́n kó páálí kan jáde nínú ọ̀rá: glibenclamide, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Daonil. Ìdí sààrì ni Bàbá ti lò ó, kò sì jẹ ju ẹ̀kọ mímu díẹ̀ lọ. Oògùn yìí máa ń fi dandan mú kí ara tú ínsúlínì, họ́móònù tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jáde, yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹun, bí kíndìnrín bá sì ti ń rẹ̀ ẹ́, oògùn náà kì í tètè jáde lára. Ẹni tí irú rẹ̀ bá gbé ṣúgà lulẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú wa fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà bínú sí mi, ó ní owó la fẹ́ gbà. Mo fara mọ́ ìbínú rẹ̀, mo so dírípù dextrose 10% mọ́ Bàbá, mo sì ń gún ìka rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ní aago méjì òru, ṣúgà tún já sí 41, lórí dírípù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti mú un lọ ni, ojú oorun ni yóò ti bá a. Ọmọ yẹn kan náà ló gbé ìjókòó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó ń ràn mí lọ́wọ́ láti di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé kíndìnrín Bàbá ti ń ní ìṣòro, Dókítà sì pààrọ̀ oògùn. Àlùkùrààní ti gba aláìsàn láyè láti má gbààwẹ̀, alfa tiwọn fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ fún un ní wọ́ọ̀dù. Kí oṣù ààwẹ̀ tó dé ló yẹ kí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ti lọ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi sọ́kàn nípa 28 yẹn. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà tí a ń lò, mg/dL ni ó ń kà. Àwọn míràn wà tó jẹ́ mmol/L ni wọ́n ń kà, pàápàá èyí tí àwọn èèyàn wa rán wálé láti ìlú Ọba. 28 ti mmol/L jẹ́ 504 ní tiwa, nítorí 18 la fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Nọ́ńbà kan náà, ọ̀kan ń bẹ̀bẹ̀ fún ṣúgà, èkejì ń bẹ̀bẹ̀ fún ínsúlínì. Ẹbí kan gbé ẹ̀rọ tiwọn wá nígbà tí sítíríìpù wa tán lóru ọjọ́ kan, ẹnìkejì mi sì ké pé "Ó ti lọ sílẹ̀ gan-an!" Àmì kékeré tó wà lábẹ́ nọ́ńbà náà ni mo kọ́kọ́ wò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ mg/dL tàbí mmol/L sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo nọ́ńbà tí mo bá kọ sínú ìwé aláìsàn, bó ti wù kí ọwọ́ mi dí tó.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọdé. Ibà tó le máa ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tán, quinine tí a máa ń lò láyé àtijọ́ sì tún máa ń dá kún un. Ọmọ tí gìrì ń mú nítorí ibà, ẹ gún ìka rẹ̀.

Níbi tí mo ti fẹ́ jókòó dáadáa lónìí ni ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí Poli, ọmọ ọdún 19. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti ń tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù fún un ní ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò. Ó ń bì, inú ń dùn ún débi pé kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án, ó sì ń mí. Bó ṣe ń mí ni mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò. Èémí rẹ̀ jinlẹ̀, ó ń yára, kò dáwọ́ dúró, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun Òkè Màpó. Ìyá rẹ̀ ní ásímà ni. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, kò sí fèrè kankan níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló fi hàn mí. Òórùn kan wà tí kò ṣeé ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí: ó dà bí èso tó ti pọ́n kọjá ààlà, ó tún dà bí omi tí àwọn oníṣẹ́ èékánná fi ń pa ọ̀dà rẹ́. Mo gún ìka rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò kà nọ́ńbà kankan, "HI" ló kọ, ìyẹn ni pé ṣúgà náà ti kọjá ibi tí ó lè kà dé. Ìtọ̀ rẹ̀ ní ketone tó kún dẹ́nu.

Ínsúlínì ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti wọ inú ẹran ara. Bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́, ṣúgà á kún ìta, ebi á máa pa ara nínú ilé. Ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá, ketone ni eérú ọ̀rá náà, ketone sì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á kan. Èémí gígùn yẹn ni ara fi ń gbìyànjú láti fẹ́ kíkan náà dànù. Ṣúgà tó pọ̀ náà á sì máa fa omi jáde nínú ìtọ̀, òǹgbẹ á máa gbẹ ẹ́, á máa mu, á máa tọ̀, títí ara á fi gbẹ. Ìyá rẹ̀ ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó ti ń jí tọ̀ lóru bí aboyún, gbogbo aṣọ rẹ̀ sì ti ń tú lára rẹ̀. Wọ́n rò pé ìwé kíkà ni.

Omi ló kọ́kọ́ yẹ kó wọlé, kì í ṣe ínsúlínì. Mo ń sọ èyí ketekete nítorí ọwọ́ wa máa ń yá sí ínsúlínì tí a bá ti rí "HI." Kánúlà méjì la fi sí i, omi iyọ̀ lítà kan wọlé láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Mo fa ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, mo sì sáré gbé e lọ fúnra mi, nítorí pọtásíọ̀mù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fi ń lù dáadáa, ni mo ń dúró dè.

Pọtásíọ̀mù ni nọ́ńbà tí mò ń bẹ̀rù jù nínú iṣẹ́ yìí. Gbogbo ìtọ̀ àti èébì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ti gbé e jáde lára ọmọ náà. Ínsúlínì, tó bá ti wọlé, á tún tì í wọ inú ẹran ara, èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ọkàn á sì dá iṣẹ́ dúró. Èèyàn lè pa aláìsàn pẹ̀lú oògùn tó yẹ kó gbà á là. Bí pọtásíọ̀mù bá wà nísàlẹ̀ 3.5 mmol/L, a kì í bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì. Tiẹ̀ jẹ́ 3.0. Dókítà tó wà níbẹ̀ ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti kọ ínsúlínì sínú ìwé kí èsì tó dé. Mo lọ bá a, mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo pọtásíọ̀mù yìí ná." Ó wò ó, ó fọwọ́ lé àyà, ó fa ìlà pa ohun tó kọ rẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí láàárín wa nìyẹn. Pọtásíọ̀mù la kọ́kọ́ fún un, nínú dírípù, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn lára rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́: nínú dírípù o! Pọtásíọ̀mù tí a bá fi abẹ́rẹ́ gún tààrà sínú iṣan, ikú ni.

Ó tó ìrọ̀lẹ́ kí ínsúlínì tó bẹ̀rẹ̀. 0.1 yúníìtì fún kílò kan ní wákàtí kan. Kílò 50 ni ọmọ náà, yúníìtì 5 ni ní wákàtí. A ò ní ẹ̀rọ tó ń ti oògùn fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, méjì tó wà ní wọ́ọ̀dù ti wà lára àwọn ẹlòmíì. Mo po yúníìtì 50 mọ́ omi iyọ̀ 500 ml, mo jẹ́ kí 20 ml àkọ́kọ́ ṣàn dànù nítorí ínsúlínì máa ń lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà dírípù, mo sì lo dírípù oníkán-kéékèèké tí kán 60 rẹ̀ jẹ́ ml kan. Ó wá di kán 50 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó, mo tan iná fóònù sí i, mo sì ń kà. Nẹ́pà mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru náà. Ìyá ọmọ náà bá mi ka díẹ̀. Títí di òní, bó bá rí mi, "Àádọ́ta" ló ń pè mí.

Síríǹjì tó tọ́ ni kí a fi wọn ínsúlínì náà pẹ̀lú. ml kan jẹ́ yúníìtì 100, yúníìtì 10 ò ju ìdámẹ́wàá ml kan lọ, ojú ò lè rí i dáadáa lára síríǹjì lásán.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣúgà rẹ̀ ti já sí 230. Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nígbà kan rí nìyí, kò sì sí ọdún tí mi ò rántí rẹ̀. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, níbòmíràn. Ọkùnrin káfíńtà kan ni, irú àìsàn kan náà. Ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ dé 180 ní òru, inú mi dùn, mo yọ ínsúlínì kúrò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èémí gígùn yẹn ti padà. Ṣúgà ni mo tọ́jú, mo fi kíkan inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ló fi kún ìyà rẹ̀ nítorí mi, ìyàwó rẹ̀ sì tún lọ yáwó sí i.

Ohun tó yẹ ni pé bí ṣúgà bá ti wá sísàlẹ̀ 250, dextrose ni kí a fi kún omi rẹ̀, kí ínsúlínì máa lọ, bó tilẹ̀ dín kù, títí ketone á fi lọ tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní kan mọ́. Ó máa ń ya àwọn ẹbí lẹ́nu. "Nọ́ọ̀sì, ṣúgà lẹ ní ó pa á, ẹ tún ń fa ṣúgà sí i?" Mo máa ń jókòó ṣàlàyé, kódà bí mo bá ti ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n, bàbá àti pásítọ̀ ṣáájú. Nígbà tó sì tó àkókò láti yọ dírípù, abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó ń pẹ́ lára gbọ́dọ̀ ti wọ abẹ́ awọ rẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì ná.

Àwọn àgbàlagbà ní tiwọn, tó jọ èyí tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà wọn á kọjá 600, ketone ò ní sí tàbí kó kéré, ara wọn á gbẹ bí ewé ọ̀dá, oorun á máa kùn wọ́n. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ìkánjú tọ́jú rẹ̀. Omi ló ń wò ó jù. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn náà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ti bá egbò tó ti rà nínú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tú wò.

Èyí tó kàn, gígún ìka lásán kò ní fi í hàn yín. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé 70/40. A fa omi lítà kan, a fa èkejì, ìfúnpá ò kúrò lójú kan. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 52. Gbogbo wa ń sọ pé àìsàn ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò nígbà tí mo ń wá iṣan: ojú rẹ̀ pupa bí ọsàn, oríkèé ìka rẹ̀ dúdú kirimú, awọ ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí bébà, ìlà pupa wà ní abíyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí roboto. Mo fa aṣọ ìkélé yí wa ká, mo ní kí ọkọ rẹ̀ jọ̀wọ́ bọ́ síta. Mo tẹ̀ sí i létí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìpara wo lẹ ń lò?" Ó ní kò sí. Mo ní, "Mi ò fẹ́ bá yín wí. Oògùn tó máa gbà yín là wà nínú ìdáhùn yín." Ó sunkún kí ó tó sọ ọ́. Ìpara oní-clobetasol tí wọ́n fi ń bóra, ọdún mẹ́fà, láti orí dé ẹsẹ̀. Oògùn ìsanra tó ń rà ní kẹ́míìsì pẹ̀lú, àpèjúwe rẹ̀ sì fi hàn wá pé dexamethasone ni. Ó ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, lẹ́yìn ìsọjí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ronú pìwà dà, ara rẹ̀ ò sì mọ̀.

Kókó kékeré méjì ló jókòó lórí kíndìnrín wa, wọ́n ń pèsè cortisol, èyí tó ń jẹ́ kí ara lè dúró bí ìṣòro bá dé. Ẹni tó bá ń gba ayédèrú rẹ̀, bíi clobetasol àti dexamethasone, láti ìta fún ọdún púpọ̀, kókó náà á sùn. Bí a bá wá dá tìta dúró lójijì, tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí ibà sì dé, kò sí ẹni tó máa jí i. Hydrocortisone 100 mg, oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ cortisol, ni ìtọ́jú rẹ̀, sínú iṣan tàbí sínú ẹran, lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú omi. A kì í dúró de àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, 50 mg ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Láàárín wákàtí díẹ̀ ìfúnpá rẹ̀ gun 100/60, ó sì ní ebi ń pa òun. Mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin tó ń kà èyí, tó ń lo irú ìpara bẹ́ẹ̀, mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ sọ ọ́. A ò ní kéde yín.

Ó ṣòro fún mi láti kọ nípa èyí tó tẹ̀ lé e. Ilé àdúrà ni wọ́n ti gbé e wá, obìnrin ọlọ́mọ méjì, wọ́n fi ìborùn aláwọ̀ ewé de ọwọ́ rẹ̀, òmíràn irú rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọ̀n. Ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 40.1, ọkàn rẹ̀ ń lù 168 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Mo tú ìborùn ọrùn rẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yọ síta bí a bá wò ó dáadáa. Oṣù mẹ́rin ni ó ti dá carbimazole, oògùn tó ń dá táírọ́ìdì (kókó ọrùn) lẹ́kun, dúró nítorí owó.

Àwọn dókítà méjì, Burch àti Wartofsky, ṣe ìwọ̀n kan lọ́dún 1993 tí a fi ń ka àmì irú àìsàn yìí. Ẹni tó bá ti gba 45 sókè, ìjì ti ń jà nínú táírọ́ìdì rẹ̀. Tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ètò ìtọ́jú rẹ̀ ní ìtẹ̀léra tí a ò gbọ́dọ̀ yí padà: oògùn tó ń dá táírọ́ìdì lẹ́kun la máa ń kọ́kọ́ fún un, ó kéré tán wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ ni áyódíìnì tó wọlé. Bí áyódíìnì bá ṣáájú, oúnjẹ ló máa jẹ́ fún iná náà. Propranolol fún ọkàn, lẹ́yìn tí a bá ti béèrè bóyá ó ní ásímà. Hydrocortisone pẹ̀lú. Paracetamol àti aṣọ tútù fún ìgbóná ara, kì í ṣe aspirin, nítorí aspirin máa ń tú họ́móònù náà sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ sí i. A ṣe gbogbo rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ jù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ kẹrin ló kú mọ́ wa lọ́wọ́, ní àárọ̀ kùtùkùtù, mo sì fọ ìborùn méjèèjì kí n tó dá wọn padà fún ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé wá sí ọ̀dọ̀ mi pé orí rẹ̀ dàrú, mo máa ń tú ohun tó bá wà lọ́rùn rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, tí táírọ́ìdì ò ṣiṣẹ́ mọ́, tí ara tutù, tí ọkàn ń lù jẹ́jẹ́, tí aláìsàn ń sùn lọ. Ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹ kàn rántí pé hydrocortisone ló ń ṣáájú levothyroxine, ìyẹn họ́móònù táírọ́ìdì, níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún, bí ó bá ní ìka àti ètè òun ń ta ṣínṣín, tí ọwọ́ rẹ̀ ká kò nígbà tí ẹ so aṣọ ìfúnpá mọ́ apá rẹ̀, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ pe dókítà kíákíá.

Ọmọ Poli yẹn lo ọjọ́ mẹ́jọ lọ́dọ̀ wa. Ìyá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi nígbà wo ni abẹ́rẹ́ ínsúlínì náà máa parí, ẹnì kan sì ti sọ fún un nípa agbo kan tó ń wo àtọ̀gbẹ sàn pátápátá. Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo sọ fún un nípa Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gún ní ínsúlínì, ní Toronto, ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 1922. Ṣáájú ìgbà náà, irú ọmọ báyìí, ikú ló kàn. Mo ní ọmọ yín máa jáde ní Poli, ó máa lọ́kọ, ó máa bímọ, ìgò kékeré yìí ló máa bá a rìn. Kódà lọ́jọ́ tí kò bá lè jẹun nítorí àìsàn, kó má ṣe dá ínsúlínì dúró. Kó máa gún ìka, kó máa mu omi, kó wá bá wa. Fíríìjì wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ríná, nítorí náà a jọ ṣètò ìkòkò amọ̀ méjì, kékeré nínú ńlá, yanrìn tútù láàárín, kí a bò ó, kí a gbé e síbi tí òjìji wà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, mo ní kí ọmọ náà gún ara rẹ̀ níṣojú mi. Ó fa oògùn náà, ó wo nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì, ó di awọ ikùn rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ti kọ ojú sí ògiri, ó fi gèlè bo ẹnu.

"Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, Mọ́mì. Ẹ lè wojú mi báyìí."